Àmì Ọ̀dà Méjì

Ní ogójì, ó dákẹ́ bí ẹni tó ń jẹun.
Ní ọgọ́ta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.
Tí ọwọ́ bá ti kan àádọ́rin lọ́nà Ìtòíkín,
gbogbo ara pikọ́ọ̀pù mi á máa gbọ̀n bí ẹni ibà mú:
dígí ń gbọ̀n, kọ́kọ́rọ́ ń gbọ̀n, eyín mi ń gbọ̀n,
omi inú dúrọ́ọ̀mù ń ya òrùka sórí òrùka,
ọmọ ẹja ẹgbẹ̀rún mẹ́ta á rọ́ lọ sísàlẹ̀
bí èrò tó gbọ́ pé ogun ń bọ̀.

Alájì Ṣìttù tó tà á fún mi ni mo ń ṣẹ́ èpè fún.
Tòkunbọ̀ tó mọ́ tónítóní, ló wí!
Mo ní n ò ní san ọ̀kẹ́ méjì náírà tó kù.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní táyà ni. Mo pààrọ̀ táyà.
Èkejì ní ẹ́ńjìnnì síìtì ti jẹ. Mo ra ẹ́ńjìnnì síìtì.
Ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀,
ó gbowó, ó ní kí n máa rọra wà á.

Mùtíátù ní Odò-Ẹgírí,
tó jogún jáàkì àti sípánà bàbá rẹ̀,
kò ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì.
"Ṣé ó ń gbọ̀n níbi ìdúró?" Rárá.
"Tí ẹ bá yọ ẹsẹ̀ lórí iná ńkọ́?
Ṣé sítíárìn ló ń gbọ̀n lọ́wọ́ yín,
àbí àga ló ń gbọ̀n nídìí yín?"
Oṣù mẹ́jọ, kò sẹ́ni tó bi mí pé ibo ló ń dùn mí.
"Àga ni," mo wí. Ojú tì mí díẹ̀.
Ó rẹ́rìn-ín: "A ti bọ́ lọ́rọ̀ táyà iwájú nìyẹn."

Ó wà á jáde sọ́nà Noforija,
ó gbé ife omi kan sórí dáṣíbọ́ọ̀dù.
Ní àádọ́rin, omi náà hó láìsí iná.
Ó yọ gíà sí fíríì, ó jẹ́ kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀.
Ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀.
Omi ṣì ń hó.
"Ẹ ò rí i? Onílé ti sùn,
àwọn kan ṣì ń jà nísàlẹ̀ ilé."

A fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí páálí.
Ó ń fọwọ́ yí pùrọ́pẹ́là díẹ̀díẹ̀
bí ìyá àgbà tó ń yí orí ọmọ tuntun nínú ìwẹ̀.
Kúrọ́ọ̀sì le dáadáa. Sẹ́ńtà bẹ́ríńnì kò mì.
Ó fi àkísà nu gírísì, ó nù ún, ó nù ún,
títí ọ̀dà yẹ́lò kan fi yọjú, kò ju èékánná lọ:
ọ̀kan lára ọ̀pá, ìkejì lára ẹnu tó gbé ọ̀pá mì.
"Àwọn tó ṣe é ló fi síbẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n máa wojú ara wọn."
Ọ̀kan kọjú sí Ẹpẹ, ọ̀kan kọjú sí Ìjẹ̀bú-Òde.
"Ta ló tú u?"

Mi ò dáhùn.
Òjò oṣù Agẹmọ. Èmi àti Kàmọ́rù àbúrò mi,
fóònù tó ń tan tọ́ọ̀ṣì láàárín eyín mi,
a tú ọ̀pá yìí láti fi kúrọ́ọ̀sì tuntun sí i,
torí a ò fẹ́ san owó iṣẹ́.
A tì í padà. Ó wọlé.
A ní ohun tó bá ti wọlé, ó ti tọ́ nìyẹn.

Kò pẹ́ tó ẹni tó jẹ gúgúrú tán:
ó fà á yọ, ó yí i, ó dá a padà, ó di bọ́ọ̀tì.
Ní àádọ́rin, omi inú ife dúró.
Ní ọgọ́rùn-ún, ó ṣì mì díẹ̀.
"Ìyẹn ńkọ́?"
"Ọjọ́ orí rẹ̀ nìyẹn.
Ta ló tilẹ̀ ní kẹ́ ẹ máa fi ọgọ́rùn-ún gbé ọmọ kiri?"

Mo dúró sẹ́bàá ọ̀nà nírọ̀lẹ́,
mo tẹ nọ́ńbà Alájì Ṣìttù. Ó ń dún.
Ọ̀kẹ́ méjì náírà wà lápò mi,
àti èpè oṣù mẹ́jọ tí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kó o padà.
Ó ń dún. Kò tíì gbé e.
Lẹ́yìn mi, ọmọ ẹja kan ta sókè,
ó já padà sínú omi.